Yanrìn Tí Omi Ò Kúrò Nínú Rẹ̀: Ohun Tó Wà Lábẹ́ Igbó Lekki

   Fún ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè gbọ́ ètò náà, ohun tí a sọ nìyí, a ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ lè kà á lórí fóònù yín láìná dátà púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ la bá wá lónìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀, kì í sì í ṣe ti ọmọ onílẹ̀. Ìyẹn á ní ọjọ́ tirẹ̀. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, èyí tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ìdí tí a fi mú un ni pé bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa ní Lekki, ní Ajah, títí dé Ìbẹ̀jú, ìbéèrè kan náà ni gbogbo èèyàn máa ń béèrè: ṣebí yanrìn ni gbogbo ibí? Ṣebí yanrìn kì í gba omi dúró? Kí ló wá dé tí omi fi ń jókòó síwájú ilé bí ayálégbé tó ti san owó ọdún méjì?

Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó bá mọ ìdáhùn rẹ̀ kó tó ra ilẹ̀ ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìnáwó ńlá.

Yanrìn kọ́ ló jẹ̀bi

Bí hóró ilẹ̀ ṣe tóbi tó ni àwọn onímọ̀ fi ń pín ilẹ̀ sí oríṣiríṣi. Hóró tó bá wà láàárín 0.05 mm sí 2 mm ni wọ́n ń pè ní yanrìn. Ti amọ̀ kò tó 0.002 mm. Nítorí pé hóró yanrìn tóbi, àlàfo àárín wọn náà tóbi, omi sì ń ráyè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ da omi sórí òkìtì yanrìn tí wọ́n já síwájú ilé tí wọ́n ń kọ́. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti wọlé. Ẹ da irú omi yẹn kan náà sórí amọ̀, á dúró, á máa wò yín.

Nítorí náà, òótọ́ ni pé yanrìn kì í dá omi dúró. Ṣùgbọ́n omi tó bá wọ inú yanrìn gbọ́dọ̀ ríbi lọ. Ẹ mú asẹ́ tí ẹ fi ń sẹ́ ògì, kí ẹ gbé e sínú abọ́ tí omi ti kún inú rẹ̀. Ẹ wá da omi mìíràn sínú asẹ́ náà. Ṣé omi á lọ? Kò ní lọ. Asẹ́ ò bàjẹ́ o. Abọ́ ló ti kún.

Bí ilẹ̀ Lekki ṣe rí gan-an nìyẹn. Yanrìn ni asẹ́. Omi tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ni omi inú abọ́. Bí onímọ̀ ilẹ̀ bá wá sọ pé ilẹ̀ kan kì í tètè gbẹ omi, kì í ṣe bí hóró rẹ̀ ṣe rí ló ń sọ. Ohun tó ń sọ ni bí omi ṣe ń pẹ́ tó nítòsí ojú ilẹ̀ láàárín ọdún. Ilẹ̀ amọ̀ lórí òkè lè gbẹ ju ilẹ̀ yanrìn tó wà ní ọ̀gbun lọ.

Kí ló fà á tí abọ́ yìí fi kún? Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ náà ti sọ ọ́ fún wa: Etí-Ọ̀sà. Ọ̀sà wà lápá kan, òkun wà lápá kejì, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà láàárín wọn, ilẹ̀ náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ ga ju òkun lọ. Ìgbì òkun ló kó yanrìn yìí jọ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Bó ṣe ń kó o, ó ń tò ó bí ebè oko: ebè kan, poro kan, ebè kan, poro kan. Orí ebè ni ilẹ̀ ti gbẹ díẹ̀. Inú poro ni omi máa ń wà, ibẹ̀ náà sì ni igbó àbàtà ti máa ń hù.

Ìṣirò tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀

Ẹ má sá, ìṣirò kékeré ni.

Hóró yanrìn ti gba púpọ̀ nínú àyè inú ilẹ̀. Ká ní ìdá kan nínú mẹ́rin ló ṣẹ́kù tí omi òjò lè kún. Bí òjò 5 cm bá rọ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì wọlé, omi abẹ́ ilẹ̀ kò ní gòkè ní 5 cm. Á gòkè ní ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀, ìyẹn 20 cm. Ká wá ní omi wà ní 60 cm sí ojú ilẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Òjò mẹ́ta irú ìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí omi ò bá ríbi ṣàn lọ, ti tó láti gbé e dé ojú ilẹ̀. Òjò kẹrin kò ní ríbi wọ̀ mọ́. Òun lẹ máa rí lójú títì.

Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ kan náà fi lè gbẹ féfé lánàá, kó sì di adágún lónìí. Òjò tòní kọ́ ló fa gbogbo rẹ̀. Òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti kún ibẹ̀ tán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Bí omi ọ̀sà bá sì tún ga lásìkò náà, gọ́tà ò ní lè tú omi sínú rẹ̀. Ẹ ò lè da omi sínú ife tó kún.

Igbó tó mọ bí a ṣe ń gbé inú omi

Kí ilé tó dé, igbó ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ó ṣe rí tẹ́lẹ̀ lè lọ sí Lekki Conservation Centre, tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní ọdún 1990. Ilẹ̀ náà fẹ̀ tó hẹ́kítà 78. Afárá orí igi ibẹ̀, tó gùn tó mítà 401, lọ̀pọ̀ yín mọ̀, torí pé ibẹ̀ lẹ ti ń ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá tún lọ, ẹ wo ìsàlẹ̀ dáadáa. Ẹ máa rí i pé orí pákó ni wọ́n ń mú yín rìn ní apá tó pọ̀. Ìdí ni pé abẹ́ pákó yẹn jẹ́ àbàtà.

Igi tó bá máa gbé irú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́n. Gbòǹgbò náà nílò afẹ́fẹ́ ọ́síjìn bíi tèmi tìẹ. Nínú ilẹ̀ tó gbẹ, afẹ́fẹ́ ń gba àlàfo àárín yanrìn wọlé. Bí omi bá ti gba àlàfo yẹn, ọ́síjìn ò ráyè mọ́, nítorí pé ìrìn rẹ̀ nínú omi lọ́ra ju ti inú afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 10,000. Ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí á jẹ ẹ́ tán kíá. Gbòǹgbò tó bá wọlé jìn, ikú ló wọ̀.

Nítorí náà, ọ̀pọ̀ igi ibẹ̀ kì í rán gbòǹgbò lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, bí ẹni tẹ́ ẹní. Igi ọ̀gọ̀rọ̀, tí a ń dá ẹmu lára rẹ̀, wà lára àwọn tó fẹ́ràn irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jù. Ibi tí ẹ bá ti rí ọ̀gọ̀rọ̀ tó hù fúnra rẹ̀, ẹ mọ̀ pé omi ò jìnnà. Igi míì tí gbòǹgbò rẹ̀ ò jìn á máa dàgbà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn líle bá dé, á wó tòun ti gbòǹgbò, ẹ ó sì rí i pé gbòǹgbò náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo.

Bí a bá gbẹ́ ihò, kí la máa rí?

Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ ihò tó jìn tó mítà kan nínú irú ilẹ̀ igbó yìí. Àwọ̀ ilẹ̀ á máa sọ ìtàn fún wa bí a ṣe ń lọ sísàlẹ̀.

Lókè pátápátá, ewé jíjẹrà ni. Ilẹ̀ dúdú ni, ó rọ̀, ó sì máa ń fani lójú mọ́ra. Nínú ilẹ̀ tí omi wà, ewé kì í tètè jẹrà tán, torí pé àwọn kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ náà nílò ọ́síjìn. Nítorí náà ló fi ń jọ síbẹ̀. Òun náà ló ń pa omi igbó yìí láró tó fi máa ń pọ́n bíi tíì tí wọn ò bu mílíìkì sí. Ìdọ̀tí kọ́ nìyẹn. Oje ewé ni.

Bí a bá kọjá ibẹ̀, yanrìn funfun tàbí aláwọ̀ eérú ló sábà máa ń tẹ̀ lé e. Oje ewé yẹn kan díẹ̀, bí ọsàn wẹ́wẹ́. Bó ṣe ń bá omi lọ sísàlẹ̀, ó ń bó irin tó wà lára hóró yanrìn lọ. Irin yẹn ló ń fún yanrìn ní àwọ̀ pupa tàbí ìyeyè. Bó bá ti lọ, yanrìn á wà ní ìhòòhò.

Nísàlẹ̀ díẹ̀ sí i, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí àmì pupa rúsúrúsú, tó-tò-tó, láàárín ilẹ̀ aláwọ̀ eérú. Àmì yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Níbi tí kò sí ọ́síjìn, irin máa ń yòrò sínú omi, kò sì ní àwọ̀. Bí omi bá fà sẹ́yìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ á wọlé, irin náà á sì dípẹtà níbi tó bá wà. Ibi tí ẹ bá ti rí àmì pupa yẹn, omi ti ń dé ibẹ̀ lọ́dọọdún, bí ilẹ̀ tiẹ̀ gbẹ lọ́jọ́ tí ẹ lọ wò ó. Agent lè parọ́. Ipẹtà kì í parọ́.

Níkẹyìn, ilẹ̀ á di aláwọ̀ eérú pátápátá, nígbà míì yóò dà bíi búlúù. Ìyẹn ni ibi tí omi kì í kúrò. Ó lè máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, pàápàá nítòsí òkun àti ọ̀sà, torí pé àwọn kòkòrò tó ń gbé ibi tí kò sí ọ́síjìn máa ń sọ sọ́fọ́ọ̀ inú omi di gáàsì olóòórùn.

Àwọn ará Florida náà mọ̀ ọ́n

Kì í ṣe Èkó nìkan o. Ní ìpínlẹ̀ Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Myakka. Ilẹ̀ yanrìn inú igbó tí omi kì í tètè kúrò nínú rẹ̀ lòun náà. Ó gba ilẹ̀ tó ju éékà 1,500,000 lọ, wọ́n sì fi ṣe ilẹ̀ àmúyangàn ìpínlẹ̀ náà ní ọdún 1989. Igi páìnì ló ń hù níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pẹ kúkúrú kan tí igi imọ̀ rẹ̀ léyín bí ayùn.

Tiwọn ní ohun kan tó yàtọ̀. Oje ewé tó ń bá omi lọ sísàlẹ̀ kì í lọ jìnnà. Á tún lọ dì pọ̀ nísàlẹ̀, á di ìpele dúdú kan lábẹ́ yanrìn funfun. Omi máa ń wà láàárín íǹṣì 18 sí ojú ilẹ̀ fún oṣù kan sí mẹ́rin nínú ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tó kàn wá níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń gbé e. Òfin ìpínlẹ̀ náà ní kí ìsàlẹ̀ ibi tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti ń wọ ilẹ̀ ga ju ojú omi ìgbà òjò lọ ní íǹṣì 24, ó kéré tán. Ibi tí ilẹ̀ ò bá ti ga tó, wọ́n á kó yanrìn jọ bí òkìtì kí wọ́n tó ṣe soakaway sórí rẹ̀. Èyí ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ ilé.

Bí igbó bá lọ, tí ilé dé

Igi máa ń fa omi. Gbogbo ewé igbó yẹn ló ń fa omi láti abẹ́ ilẹ̀ lójoojúmọ́, tó ń tú u sáfẹ́fẹ́. Bí a bá gé igbó, a ti pa ẹ̀rọ tó ń fa omi náà, omi abẹ́ ilẹ̀ á sì gòkè. Bí a bá wá da kọnkéré bo ilẹ̀, òjò ò ní ríbi wọlé, ojú títì ló máa gbà. Bí a bá tún kún inú poro, a ti dí ọ̀nà tí omi ń gbà tẹ́lẹ̀.

Soakaway ló kọ́kọ́ máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ohun tó ń fọ omi ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ nínú ilẹ̀ ni ilẹ̀ gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Bí soakaway bá ti rì sínú omi abẹ́ ilẹ̀, kò sí ilẹ̀ gbígbẹ láàárín mọ́. Omi ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi kànga ti di ara kan. Yanrìn ò sì ní amọ̀ tó lè dá kòkòrò àrùn dúró; bó ṣe ń jẹ́ kí omi kọjá kíá náà ló ń jẹ́ kí kòkòrò kọjá.

Ẹ wo ti borehole. Mítà 30 ni wọ́n sábà máa ń dámọ̀ràn pé kó wà láàárín kànga àti soakaway. Pulọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 jẹ́ nǹkan bíi mítà 18 sí 36. Bí ẹ bá tilẹ̀ fi tiyín jìnnà síra wọn, soakaway aládùúgbò lè wà lẹ́yìn ọgbà, kó sún mọ́ borehole yín ju tiyín lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àìsàn onígbáméjì jà ní Èkó, ó sì pa èèyàn. Omi tí ìgbọ̀nsẹ̀ ti wọ̀ wà lára ohun tó ń tan àìsàn yẹn kálẹ̀. Ẹ se omi tí ẹ fẹ́ mu, tàbí kí ẹ fi kẹ́míkà pa kòkòrò inú rẹ̀.

Ṣé ẹ rántí irin tó yòrò nínú omi? Òun náà ló ń jáde nínú borehole. Omi á mọ́ gaara bó ṣe ń jáde, ẹ ó gbé e kalẹ̀ nínú báàfù, nígbà tó bá yá á di pupa. Afẹ́fẹ́ ló bá irin inú rẹ̀ pàdé. Ìdí nìyẹn tí aṣọ funfun fi ń di aláwọ̀ mìíràn.

Ó tún ku ògiri. Ilẹ̀ dúdú òkè yẹn, tí ewé jíjẹrà pọ̀ nínú rẹ̀, kò lè gbé ilé. Bí wọ́n bá da yanrìn bò ó láìkọ́kọ́ kó o kúrò, á máa rọ̀ lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹrù, apá kan á sì rọ̀ ju apá kejì lọ. Ìgbà yẹn ni ògiri á sán. Àwọn àgbà sì sọ pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́. Omi náà máa ń gba àárín búlọ́ọ̀kù gòkè láti ìpìlẹ̀, ọ̀dà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ẹ ó kun ún lẹ́ẹ̀mẹta, á ṣí lẹ́ẹ̀mẹta.

Kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́

Àwọn ohun tí ẹ lè ṣe fúnra yín nìyí:

1. Ẹ má ṣe lọ wo ilẹ̀ nínú ọyẹ́ nìkan. Oṣù kẹfà ni òjò Èkó máa ń pọ̀ jù, ó máa ń dẹwọ́ nínú oṣù kẹjọ, a sì tún padà títí dé oṣù kẹwàá. Ìgbà òjò ni kí ẹ lọ, tàbí kí ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì.

2. Ẹ gbẹ́ ihò. Ẹ bẹ ẹni tó ní ṣọ́bìrì, kó gbẹ́ mítà kan. Ẹ fi sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá wo ibi tí omi dúró sí. Ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n.

3. Ẹ wo àwọ̀ ilẹ̀ tó jáde. Ibi tí àmì pupa ti bẹ̀rẹ̀ láàárín eérú ni omi máa ń dé nígbà òjò. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pamọ́.

4. Ẹ wo ohun tó ń hù níbẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ọ̀gọ̀rọ̀ tó hù fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí.

5. Ẹ wo ara ògiri àwọn ilé tó wà nítòsí. Omi máa ń fi ìlà sílẹ̀. Ẹ sì bi àwọn tó ń ta ọjà létí títì, kì í ṣe agent: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí òjò bá rọ̀ níbí, omi máa ń dé ibo?" Wọ́n á fi ọwọ́ hàn yín lára ẹsẹ̀ wọn.

6. Bí ẹ bá ti fẹ́ kọ́lé, ẹ sanwó fún ẹnjiníà tó máa yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó ya àwòrán ìpìlẹ̀. Owó rẹ̀ kéré sí ti ilé tó sán.

Ìbéèrè yín

*Ṣé gbogbo ilẹ̀ Lekki ló rí báyìí?* Rárá o. Orí ebè àti inú poro ò rí bákan náà, wọ́n sì lè wà ní òpópónà kan náà. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ fi ilẹ̀ ẹnìkejì díwọ̀n tiyín.

*Ṣé bí mo bá ti kún un, ọ̀rọ̀ ti parí?* Bí ẹ bá fi yanrìn kún un ní mítà kan, ẹ ti fi mítà kan jìnnà sí omi, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó ilẹ̀ dúdú kúrò, omi tó kúrò níwájú yín á sì lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò. Òun náà á kún tirẹ̀. Nígbà tí gbogbo yín bá kún tán, ojú títì ló máa di odò. Gọ́tà tó jọ jẹ́ ti gbogbo àdúgbò ló lè yanjú ìyẹn, kì í ṣe tìpá yanrìn ẹnì kan.

*Ṣé mo lè gbin nǹkan síbẹ̀?* Ẹ lè gbìn ín. Àwọn bàbá wa ń dá akúrọ̀ lórí ilẹ̀ olómi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́. Ẹ kọ ebè gíga kí gbòǹgbò lè rí afẹ́fẹ́. Kí ẹ sì mọ̀ pé ọlá igbó ò sí nínú yanrìn. Inú ewé tó ń já bọ́ ló wà. Bí ẹ bá ti kó ewé yẹn dànù tàbí tí ẹ sun ún, yanrìn lásán ló kù, òjò á sì fọ ajílẹ̀ lọ. Ẹ máa fi ewé bo ilẹ̀.

Ibi tí a máa dúró sí lónìí nìyẹn. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tó ń kó owó jọ láti ra ilẹ̀ lẹ́bàá ọ̀sà, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp kó tó sanwó. Bí ẹ bá sì ti gbẹ́ ihò yín, ẹ kọ ohun tí ẹ rí síbi ìsọ̀rọ̀sí nísàlẹ̀: omi dúró níbo, ilẹ̀ láwọ̀ wo? A ó ka díẹ̀ nínú wọn nígbà tí a bá tún pàdé. Ó dìgbà o.